Òkè Gbẹ, Ìsàlẹ̀ Tutù: Ọ̀rọ̀ Lórí Omi Tó Wọ Inú Ọkọ̀

  

Ẹni tó bá ti wọ Micra láti Challenge lọ sí Mókólá nígbà òjò á mọ òórùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Wọ́n ti gbé gíláàsì sókè nítorí òjò, àwọn èrò ti há mọ́ ara wọn lẹ́yìn, òórùn kan sì ń ti abẹ́ ìjókòó bọ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ká aṣọ tútù sínú ọ̀rá tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Awakọ̀ náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi so lọ́fínńdà mọ́ dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn. Àmọ́ lọ́fínńdà kì í gbẹ omi. Ohun tí òórùn yẹn ń sọ ni pé omi kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà tí kò tíì gbẹ, bóyá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bóyá láti oṣù tó kọjá, àti pé nǹkan kan ti ń hù níbẹ̀.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan abala ìlera àti ìmọ́tótó nínú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ti mẹkáníìkì. Ó kàn án, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń fi afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ mí. Àwa ni. Àwọn ọmọ wa tí à ń gbé lọ sí iléèwé láràárọ̀ sì ń gba púpọ̀ sínú nínú rẹ̀, torí ọmọdé máa ń mí lemọ́lemọ́ ju àgbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Káàpẹ́ẹ̀tì tí a ń rí nínú ọkọ̀, ojú lásán ni. Abẹ́ rẹ̀ ni ìtẹ́ kan wà tó nípọn, tí wọ́n fi fóòmù tàbí àkísà tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe, kí ariwo táyà àti ooru má bàa wọlé. Abẹ́ ìyẹn ni páànù ọkọ̀ wà. Ìtẹ́ yìí máa ń mu omi bíi kànìnkànìn. Bí omi bá dà sí káàpẹ́ẹ̀tì, òkè rẹ̀ lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan bí oòrùn bá mú, èèyàn á fọwọ́ pa á, á ní ó ti tán. Kò tíì tán. Páànù tó wà nísàlẹ̀ kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ, káàpẹ́ẹ̀tì tó wà lókè kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Inú ìtẹ́ yìí kan náà ni wáyà oríṣiríṣi gbà kọjá lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

Kò ṣòro láti dán an wò. Ẹ mú tíṣù funfun, ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tó jìn jù lọ lẹ́sẹ̀ ìjókòó iwájú, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tó tún dájú ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ ṣí ike gbọọrọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ yín á sọ òtítọ́ tí ojú kò rí.

Ibi tí omi ń gbà wọlé

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: ẹni tó gbàgbé gíláàsì sílẹ̀ tí òjò dé, kẹ́tù àlùwàlá tó dojú dé nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sí kòtò, àpò píọ́ wọ́tà tó bẹ́ nínú búùtù, ẹja dídì tí ìyàwó ilé rà ní ọjà Bódìjà tí yìnyín rẹ̀ yọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó délé. Ó kéré tán, ẹni tó ni ọkọ̀ mọ ọjọ́ tí omi dà, ó sì mọ ibi tó dà sí.

Èyí tó máa ń ta wá lófo ni omi tí kò sẹ́ni tó dà á. Ẹ wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì kì í jẹ́ kí òjò wọ inú ilẹ̀kùn. Ó ń wọ̀ ọ́, àwọn tó ṣe ọkọ̀ sì mọ̀. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi lè máa gba ibẹ̀ jò dànù, wọ́n sì lẹ ọ̀rá kan mọ́ inú rẹ̀, lẹ́yìn ike tí a ń gbé apá lé, kí omi má bàa kọjá sí ọ̀dọ̀ wa. Nǹkan méjì ló ń ba ètò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé yẹ̀pẹ̀ àti ewé máa ń dí àwọn ihò náà, omi á kún inú ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí nǹkan ń ró gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀ngbọ̀n bí omi inú kèrègbè nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni ọwọ́ àwa èèyàn. Ẹni tó ń tún gíláàsì ṣe, tàbí rìwáyà tó ń fi sípíkà tuntun sí i, á ya ọ̀rá náà kó lè ráyè ṣiṣẹ́, bó bá sì parí, á da ike padà láìda ọ̀rá padà. Láti ọjọ́ náà ni òjò á ti máa jò sórí káàpẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lára ilẹ̀kùn yín ni omi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Ọ̀rá tó nípọn àti gọ́ọ̀mù tó dára kò wọ́n.

Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi, pàápàá máńgòrò tàbí dóńgóyárò, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Kòtò gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí apá tó ń nu òjò wà. Omi tó ṣàn sórí gíláàsì, ibẹ̀ ló ń gbà lọ sílẹ̀. Tí ewé bá kún un, omi á gòkè títí á fi rí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ọkọ̀, á sì gba ibẹ̀ wọlé wá bá wa. Ọkọ̀ tó ní òrùlé tó ń ṣí náà ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń dí bákan náà.

Ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní éésì, náà máa ń pọn omi fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin kan irin tútù tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rinrin náà di omi, bí ara ife omi tútù ṣe ń làágùn. Páìpù kékeré kan ló ń da omi yìí sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tan éésì sí, ohun tó sì yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú ni kí èèyàn tan éésì fún ìdajì wákàtí nígbà òjò kí ẹyọ omi kan má kán. Eruku, tàbí ilé tí agbọ́n fi amọ̀ kọ́ sẹ́nu páìpù, ti dí i, omi náà á sì máa jò sẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Omi yìí kò láwọ̀, kì í sì í rùn lọ́jọ́ tó jò.

Tí omi tó wà lẹ́sẹ̀ iwájú bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, tó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ osùn, tó ń ta sánsán bí ohun dídùn, tí gíláàsì iwájú sì ń di bàìbàì láti inú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Omi ẹ̀rọ tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù ló ń jò láti inú páìpù tó ń mú ooru wọ inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì nílẹ̀ wa ti gé ọ̀nà páìpù yìí kúrò torí a kò nílò ooru, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi yìí máa ń dùn lẹ́nu, ó sì jẹ́ májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀ rárá, ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ tún ṣe lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń ṣe fún ara

Tí nǹkan bá tutù fún wákàtí 24 sí 48, èéhù á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀, ìyẹn ohun kan náà tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ó lè jẹ́ funfun, ó lè jẹ́ dúdú, ó lè dà bí ewé. Kì í sábà hù síbi tí a ti máa rí i. Abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ìjókòó àti ara bẹ́líìtì ló fẹ́ràn. Ó ń tú ohun kan bí ìyẹ̀fun tí ojú kò lè rí sínú afẹ́fẹ́. Ẹ wá ro ọkọ̀ tí wọ́n ti pa gbogbo gíláàsì rẹ̀ dé tí wọ́n gbé sínú oòrùn ní Dùgbẹ̀ láti àárọ̀: ooru wà, ọ̀rinrin wà, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Oko tó dára ni wọ́n dá fún èéhù yẹn.

Lọ́dún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí ọ̀rinrin àti èéhù nínú ilé. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ń gbé nínú ilé tó lọ́rinrin máa ń ní ikọ́, imú dídí àti àrùn ọ̀nà ọ̀fun ju àwọn ẹlòmíì lọ, àti pé ikọ́ fée máa ń dìde sí ẹni tó bá ti ní in tẹ́lẹ̀. Ilé ni wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ inú ọkọ̀ kéré ju yàrá lọ, ibi tí afẹ́fẹ́ éésì sì ti ń fẹ́ jáde kọjú sí wa gan-an. Ọmọ tó ń sín láràárọ̀ lójú ọ̀nà iléèwé tí imú rẹ̀ máa ń gbẹ tó bá ti délé, kí àwọn òbí rẹ̀ tó tún ra oògùn ikọ́ mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n yẹ abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì wò. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, fílítà kan wà lẹ́yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí afẹ́fẹ́ éésì ń gbà kọjá. Mo ti rí èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí owó ilé ìwòsàn.

Bí a ṣe ń gbẹ ẹ́

Ọjọ́ tí omi dà ni iṣẹ́. Ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ omi kẹ́tù kan tàbí píọ́ wọ́tà méjì péré, ẹ gbé ẹni fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè jáde, ẹ fi aṣọ ìnura tó gbẹ tẹ ojú ibẹ̀ léraléra títí kò fi ní rí omi fà mọ́, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fi nu. Nínù ń ti omi lọ sísàlẹ̀ ni.

Tí omi bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní láti ká káàpẹ́ẹ̀tì sókè, kì í sì í ṣeé ká dáadáa láìtú ìjókòó. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. Wáyà àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde nígbà ìjàǹbá wà lábẹ́ ìjókòó ọ̀pọ̀ ọkọ̀, orí rẹ̀ sì sábà máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀. Kí rìwáyà yọ orí bátìrì ná, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí ìjókòó bá ti jáde, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fa omi fa ìtẹ́ náà. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Ring Road àti Bódìjà sábà máa ń ní in. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi nǹkan gbé káàpẹ́ẹ̀tì sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Oòrùn oṣù August ní Ìbàdàn kì í tó nǹkan, gbogbo wa mọ̀. Fáànù ló máa ràn wá lọ́wọ́. Éésì ọkọ̀ náà máa ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà, tí omi kò bá kan wáyà kankan, a lè tan án fún bíi wákàtí kan, ṣùgbọ́n ní ìta gbangba ni o, kì í ṣe nínú gáráàjì. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ tan fáànù gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà réré sí ilé àti ọkọ̀. Èéfín rẹ̀ ti pa odindi ìdílé lójú oorun nílẹ̀ yìí rí.

Ọṣẹ àti omi díẹ̀ tó láti fọ èéhù kúrò lójú ike àti awọ. Hypo tàbí Jik tí a là dáadáa lè ṣiṣẹ́ lójú ike, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí àwọ̀ káàpẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń mú kí irin dípẹtà. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé. Èéfín tó ń jáde lára àpòpọ̀ yẹn lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára, inú ọkọ̀ kò sì fẹ̀ débi téèyàn á fi ríbi sá sí. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée, tàbí tí ara rẹ̀ kò le, yẹra fún iṣẹ́ náà. Kí ẹni tó bá ń ṣe é lo ìbòmú àti ìbọ̀wọ́.

Ṣé omi náà mọ́?

Ìbéèrè yìí kò lè ṣe kó má wáyé láàárín wa, pàápàá fún ẹni tó máa ń kírun lórí ìjókòó ọkọ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dí ọ̀nà. Omi òjò mọ́, omi kẹ́tù mọ́, omi éésì mọ́. Èéhù àti òórùn kò sọ wọ́n di nàjíìsì. Ọ̀rọ̀ ìlera ni ìyẹn. Ìtọ̀ ọmọ àti èébì ló yàtọ̀. Ní ti ìtọ̀ àgbò tí a ń fi búùtù gbé bọ̀ láti ọjà nígbà Iléyá, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò: lójú mádíhábì Máálíkì tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, ìtọ̀ ẹran tó bá tọ́ láti jẹ kì í ṣe nàjíìsì, ṣùgbọ́n nàjíìsì ni lójú mádíhábì Ṣáfíì. Ẹ bi ààfáà yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé nàjíìsì tàbí kì í ṣe nàjíìsì, ó ń rùn, ẹ tẹ́ tapólíìnì sábẹ́ àgbò.

A mọ ìtàn Lárúbáwá oko tó tọ̀ sí igun mọ́sálásí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Wọ́n fẹ́ dá a lọ́wọ́ kọ́, Ànọ́bì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó ṣe tán, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n da garawa omi kan sí ojú ibẹ̀. Àwọn kan ti mú èyí lò fún ọkọ̀, wọ́n da garawa omi sórí fóòmù tí ọmọ tọ̀ sí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ilẹ̀ mọ́sálásí nígbà náà, yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ó mu omi náà lọ. Fóòmù ọkọ̀ kò ní ibi tó máa mu ún lọ. Ẹni tó bá da omi sí i, kó fi ẹ̀rọ fà á jáde, kó tún da òmíràn, kó tún fà á, kó wá gbẹ ẹ́. Nígbà náà ni ìmọ́tótó ẹ̀sìn àti ti ìlera á pàdé.

Omi àgbàrá

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, omi tó mọ́ ni. Omi àgbàrá kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

Ìbàdàn mọ àgbàrá ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ọjọ́ Sunday, 31 August 1980, ni Ògùnpa kún, tó pa èèyàn tó lé ní 200. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 August 2011, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń lọ sópin, òjò mìíràn rọ̀. Omi tó rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ lé ní mìlímítà 180. Tí ẹ bá gbé garawa tó gún régé síta, omi inú rẹ̀ á ga ju ìdajì rúlà ọmọ iléèwé lọ. Afárá Apẹ́tẹ́ lọ, omi gba ọgbà Agodi, ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Lẹ́yìn ọdún yẹn ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti fi tún ojú odò àti afárá ṣe. Wọ́n ti ṣe púpọ̀, síbẹ̀ àwọn ibì kan wà tí omi ṣì ń dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ́jọ́ òjò ńlá.

Ẹni tó bá pàdé omi tó ń ṣàn lójú ọ̀nà, kó yà padà. Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó. Èyí tó tó 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, títí kan jíìpù. Èèyàn kì í sì í mọ̀ bóyá títì ṣì wà lábẹ́ omi náà tàbí ó ti wó.

Tí omi àgbàrá bá ti bo ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ má ṣe tan án láti dán an wò. Omi lè ti wọ ẹ́ńjìnnì, ìtàná yẹn ló sì máa bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Ohun tó wà nínú omi náà ni ṣálángá, gọ́tà, epo bẹntiróòlù, òkú ẹran àti ìtọ̀ eku. Ó lè gbé onígbáméjì àti ibà táífọ́ọ̀dù wá. Àrùn kan tún wà tó ń jẹ́ leptospirosis, tó ń ti inú ìtọ̀ eku gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Ó ń mú ibà, ẹ̀fọ́rí àti ìrora iṣan wá, ojú lè pọ́n, nígbà míì ojú á sì di yẹ́lò. A máa ń pè é ní ibà lásán, a ó máa lo oògùn ibà. Ẹni tó bá fọ ọkọ̀ tí àgbàrá wọ̀, tí ara rẹ̀ sì gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, kó sọ fún dókítà pé òun fọwọ́ kan omi àgbàrá. Gbólóhùn yẹn lè gba ẹ̀mí là, torí dókítà kò lè mọ̀ tí a kò bá sọ.

Bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí a bo ojú ọgbẹ́. Ìtẹ́ abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì tí àgbàrá rin, ẹ dà á nù. Fóòmù ìjókòó tí ó rin gbingbin náà, ẹ dà á nù. Àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ lè fi òmíràn sí i. Mo mọ̀ pé owó ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọṣẹ tó lè wọ àárín fóòmù lọ bá omi ṣálángá níbẹ̀.

Nígbà tí a bá fẹ́ ra ọkọ̀

Àgbàrá ilẹ̀ òkèèrè náà ń kàn wá. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, àti Harvey lọ́dún 2017, omi bo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń tà ní gbàǹjo, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì kó o lọ sí ibi tí wọn kò ti ní béèrè ìwé. Tòkunbọ̀ tó ń dán tí owó rẹ̀ rọjú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yẹ kó jẹ́ ká béèrè ìdí.

Ẹ fa bẹ́líìtì jáde títí dé òpin. Òkè rẹ̀ rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ tó máa ń wà ní kíká ni ẹrẹ̀ ti máa ń fi ìlà sílẹ̀. Ẹ wo bóòtù tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Òjò lásán kì í sábà dé ibẹ̀. Ẹ yọ táyà àpọ̀jù nínú búùtù, ẹ fi ìka yẹ kòtò rẹ̀ wò fún iyanrìn. Ẹ wo inú iná iwájú bóyá omi ti fi ìlà sí i. Káàpẹ́ẹ̀tì tuntun nínú ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá, tàbí lọ́fínńdà tó ń ta jù, kí wọ́n fún ẹ lára. Kí ẹ sì mú ṣásíì nọ́ńbà rẹ̀, tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omi bò ní Amẹ́ríkà ló ní àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wà nínú àkójọ hádíìsì Ímáámù Muslim pé Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tó pàtẹ oúnjẹ lọ́jà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Oníṣòwò náà ṣàlàyé pé òjò ló pa á. Òjò kò sì lẹ́bi, oníṣòwò náà kò sì lẹ́bi pé òjò pa ọjà rẹ̀. Ohun tí Ànọ́bì bá a wí lé lórí ni pé ó fi gbígbẹ bo tútù, kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn olùrà lè rí i, ó sì ya ara rẹ̀ nípá sí ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò ó pé kò sí ọjà tí hádíìsì yìí bá mu láyé ìsinsìnyí tó ọkọ̀ tí omi ti wọ̀.

Ẹ̀yin ará wa tó ń ta ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù. Ẹni tó rà á láìmọ̀ ní ẹ̀tọ́ nínú òfin ẹ̀sìn wa láti dá a padà nítorí àbùkù tí wọ́n fi pamọ́. Ẹ̀yin tó ń rà á, tí ẹni tó ń tà á bá sọ òótọ́ pé omi ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ má sá lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi í pé irú omi wo ni, ó ga dé ibo, ọjọ́ mélòó ló lò níbẹ̀, ṣé wọ́n pààrọ̀ ìtẹ́ abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣí ike ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ ti ọwọ́ bọ ibẹ̀.